Ilẹ̀ Kọ́ Ni Iṣu Ń Jẹ

Bí ẹ bá bi ẹni mẹ́wàá léèrè nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí pé kí ni iṣu ń jẹ tí ó fi ń tóbi nínú ebè, bóyá ni ẹ kò ní í rí ẹni mẹ́sàn-án tí yóò dáhùn pé ilẹ̀ ni. Ìdáhùn náà kò yani lẹ́nu. Inú ilẹ̀ ni iṣu wà, inú ilẹ̀ ni a ti ń wà á, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣá, iṣu kì í ta dáadáa níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju òje lọ. Ilẹ̀ kọ́ ni iṣu ń jẹ. Afẹ́fẹ́ àti omi ni a fi ṣe ara iṣu, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó ń so àwọn méjèèjì pọ̀, inú ewé sì ni iṣẹ́ náà ti ń lọ. Díẹ̀ péré ni ìpín ilẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé kan ti máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ó kan ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ewé àti iṣu. Ó kàn án gan-an ni. Kò sí ẹni tí ń kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí kò tíì gbọ́ ẹ̀fẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n ń kọ́ sáyẹ́ǹsì: "Ẹ máa bá ìjálá àti ẹkún ìyàwó yín lọ, ẹ fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ fún wa, èdè yín kò lè gbé e." Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀fẹ̀ inú yàrá ni ọ̀rọ̀ náà mọ sí, à bá rẹ́rìn-ín, à bá sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà kéde pé àwọn ti fagi lé ìlànà èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọdé fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí gbogbo olùkọ́ padà sí. Wọ́n ní ibi tí a ti ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò.

N kò fẹ́ bú ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n mú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan ṣoṣo, irú èyí tí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń há sórí, kí n rò ó ní èdè Yorùbá láti ìdí dé orí, kí ẹ̀yin fúnra yín sì wò ó bóyá ibì kan wà tí èdè ti já mi kulẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ilẹ̀ náà. Ó ti lé ní 370 ọdún báyìí tí ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Jan Baptista van Helmont, ará ìlú Brussels, ti bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí. Ó yan erùpẹ̀ títí ó fi gbẹ, ó wọn pọ́n-ùn 200 nínú rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá kan, ó sì gbin ọ̀dọ́ igi kan tí ó wúwo tó pọ́n-ùn 5 sínú rẹ̀. Omi nìkan ni ó ń bu sí i. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó hú igi náà, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó rí i pé ó ti lé ní pọ́n-ùn 169. Ó tún erùpẹ̀ yan, ó tún un wọ̀n. Ohun tí ó dín nínú pọ́n-ùn 200 kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ pọ́n-ùn kan ṣoṣo lọ. Ọdún 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni wọ́n tẹ ìwé tí ó ròyìn rẹ̀ sí jáde.

Níbo wá ni pọ́n-ùn 164 tí ó lé yẹn ti wá? Van Helmont ní omi ni. Ìdajì òtítọ́ ni ó rí dì mú. Ohun tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni pé òun gan-an ni ó dá ọ̀rọ̀ náà "gáàsì" sílẹ̀, òun ni ó sì kíyè sí i pé afẹ́fẹ́ kan wà tí ń jáde láti ara èédú tí ń jó. Afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ni igi rẹ̀ ń gbé mì níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan fún ọdún márùn-ún. Kò fura.

Àwọn ìyá wa tí ń fi igi dáná ń rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́. Ẹ kó odidi ẹrù igi kan sí abẹ́ ìkòkò, kí ó jó tán pátápátá, kí ẹ wá gbá eérú rẹ̀ jọ. Ẹ óò rí i bí ó ti kéré tó. Eérú yẹn ni ohun tí igi gbà lọ́wọ́ ilẹ̀. Gbogbo ìyókù ti padà sí ibi tí ó ti wá: omi ti bá èéfín lọ, afẹ́fẹ́ ti padà di afẹ́fẹ́. Iná tí ó se ọbẹ̀ náà sì ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ọdún tí ó ti kọjá ni, tí ewé igi náà ti kó pamọ́ sínú igi láti ìgbà náà wá.

Èyí kò sọ ilẹ̀ di aláìníláárí o. Ohun tí ilẹ̀ ń fún irúgbìn dà bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Bí ó ti kéré tó yẹn, bí kò bá sí níbẹ̀, ẹnu kò ní í gba ọbẹ̀ náà. Láìsí náítírójìn àti magnẹ́síọ̀mù láti inú ilẹ̀, ewé kò lè ní àwọ̀ tútù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ewé àgbàdo tí a gbìn sórí ilẹ̀ tí ó ti ṣá fi máa ń pọ́n rúsúrúsú. Nítorí náà ajílẹ̀ tí a ń dà sí ìdí àgbàdo kì í ṣe oúnjẹ fún un. Irinṣẹ́ ni a fi kún irinṣẹ́ ewé, kí ewé lè rí nǹkan fi ṣe oúnjẹ.

Àwọn tí wọ́n tú ìyókù ọ̀rọ̀ náà wò pọ̀, n kò sì ní í pẹ́ lórí wọn. Joseph Priestley, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i ní ọdún 1771 pé ẹ̀ka míǹtì tí a fi ìgò dé mọ́lẹ̀ a máa tún afẹ́fẹ́ tí àbẹ́là ti jó bà jẹ́ ṣe. Ní ọdún 1779, Jan Ingenhousz, oníṣègùn kan láti ilẹ̀ Họ́láńdì, fi hàn pé inú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni irúgbìn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àti pé apá tí ó ní àwọ̀ ewé nìkan ni ó lè ṣe é. Jean Senebier ará Geneva sọ ní ọdún 1782 pé afẹ́fẹ́ inú èédú ni ewé ń lò. Ní ọdún 1804 ni ará ìlú rẹ̀, Nicolas-Théodore de Saussure, wọn gbogbo rẹ̀, ó sì rí i pé omi pẹ̀lú ń di ara irúgbìn. Bí wọ́n ti ṣe parí ìdajì kejì ọ̀rọ̀ van Helmont nìyẹn.

Ẹ wá bá mi wọ inú ewé. Bí ẹ bá yí ewé gbágùúdá dà, tí ẹ sì ní awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ẹ óò rí ihò tíntìntín lọ súà ní abẹ́ rẹ̀. Àwọn ihò wọ̀nyí ní ilẹ̀kùn. Ewé lè ṣí wọn, ó sì lè tì wọ́n. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ irú èyí tí àwa ń mí síta ń gbà wọlé. Kábọ́ọ̀nù-dayọ́sáìdì ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù. Omi ní tirẹ̀ ń ti gbòǹgbò gòkè bọ̀. Kulorofíìlì, èyí tí ó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, ni ó ń dúró de ìmọ́lẹ̀. Bí aró ti ń mu aṣọ ni àwọ̀ yìí mu ewé, nítorí náà aró ewé ni mo fẹ́ máa pè é, ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn kí ó bá wa wá òmíràn. Nínú àwọn àwọ̀ tí ó pa pọ̀ di ìmọ́lẹ̀ oòrùn, èyí tí ó pupa àti èyí tí ó dà bí ojú sánmà ni aró ewé ń gbé mì jù. Ó ń dá púpọ̀ nínú èyí tí ó kù padà, òun sì ni ojú wa ń rí lára ewé.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ náà pín sí. Ti àkọ́kọ́ kò lè ṣe é ṣe láìsí ìmọ́lẹ̀. Agbára ìmọ́lẹ̀ tí aró ewé gbà ni a fi ń fa omi ya, tí ọ́síjìn inú rẹ̀ fi ń bọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára háídírójìn. Háídírójìn ni iṣẹ́ kàn. Ọ́síjìn ṣẹ́kù, ewé sì ń tú u dànù gba ojú ihò. Ohun tí ewé dànù yẹn ni èmi àti ẹ̀yin ń mí sínú báyìí. Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi rò pé láti ara afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ni ọ́síjìn yìí ti ń wá. Ní ọdún 1941 ni Samuel Ruben, Martin Kamen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní California lo omi tí a lè dá ọ́síjìn inú rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ nítorí pé ó wúwo ju ti ìgbà gbogbo lọ, wọ́n sì bá ọ́síjìn wíwúwo náà nínú afẹ́fẹ́ tí ó jáde. Omi tí a fà ya ni a ń mí, ẹ̀yin ará.

Ọ̀nà kejì kò bèèrè ìmọ́lẹ̀ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ti àkọ́kọ́ pa ní owó ni ó ń ná. Níbẹ̀ ni a ti ń mú kábọ́ọ̀nù láti inú afẹ́fẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí a ń so ó mọ́ ara àwọn tí ó wà nílẹ̀, tí a sì ń fi háídírójìn yẹn kún un títí yóò fi di ṣúgà. Melvin Calvin pẹ̀lú Andrew Benson àti James Bassham ni wọ́n tọ ipasẹ̀ kábọ́ọ̀nù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Calvin gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 1961. Bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹyọ afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù 6 àti ẹyọ omi 6 ni ó wọlé, ẹyọ ṣúgà 1 àti ẹyọ ọ́síjìn 6 ni ó jáde. Ṣúgà yìí ni ó ń ṣàn gba inú ìtàkùn lọ sí abẹ́ ebè, tí ó ń di sítáàṣì níbẹ̀. Nígbà tí ìtàkùn bá gbẹ lẹ́ẹ̀rùn tí àgbẹ̀ sì ní iṣu òun ti gbó, ewé ti kó ẹrù rẹ̀ sílé tán ni.

Wàyí o, ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Photosynthesis ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo iṣẹ́ yìí. Àwọn tí ń sọ pé èdè wa tòṣì nítorí pé kò ní ọ̀rọ̀ kan fún un, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò ní in títí di ọdún 1893. Ọdún náà ni Charles Reid Barnes, onímọ̀ ewéko kan ní Amẹ́ríkà, gbé orúkọ méjì kalẹ̀. Photosyntax ni òun fẹ́, ṣùgbọ́n photosynthesis ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú. Inú èdè Gíríìkì ni a ti yá a, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju "fífi ìmọ́lẹ̀ to nǹkan pọ̀" lọ. Láti ìgbà tí Ingenhousz ti fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ọdún 114 kọjá kí orúkọ tí à ń bọ lónìí tó dé. Láàárín ọdún 114 yẹn, iṣẹ́ ìwádìí kò dúró de orúkọ.

Àwa kò sì ṣàì mọ bí a ti ń dá orúkọ. Ọdún 1984 ni ìdìpọ̀ kìíní ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, kí a lè máa fi Yorùbá kọ́ni ní Yorùbá. Ohun tí a ṣe fún gírámà ni a lè ṣe fún ewé. Ẹnìkan lè kọ́kọ́ dábàá ìfoòrùn-soúnjẹ. N kò fara mọ́ ọn, ìdí méjì ni mo sì ní. Lọ́nà kìíní, kì í ṣe oòrùn ni dandan. Iná mànàmáná tí ó bá mọ́lẹ̀ tó yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Lọ́nà kejì, "se" ń mú ọkàn ẹni lọ sí ìdí ààrò, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ooru ni ewé fi ń ṣiṣẹ́ yìí. Bí ooru bá pọ̀ jù, iṣẹ́ bàjẹ́ ni. Ẹ fi àmì kan péré sí abẹ́ "s" yẹn, kí ẹ sì fi ìmọ́lẹ̀ rọ́pò oòrùn, ẹ óò rí ìfìmọ́lẹ̀-ṣoúnjẹ. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó bá gbọ́ ọ ní ìgbà àkọ́kọ́ ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà kí olùkọ́ tó la ẹnu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi jù ni ti ohun tí ń mú kí iṣẹ́ ewé yá tàbí kí ó falẹ̀. Ẹ wo ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe gàrí. Àwọn kan ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ ń rin ín, a ń fún omi rẹ̀, a ń sẹ́ ẹ, a sì ń yan án. Bí ó bá jẹ́ agbada kan ṣoṣo ni ó wà lórí iná, bí ẹ gba ogún ènìyàn kún àwọn tí ń bó ẹ̀gẹ́, gàrí ọjọ́ náà kò ní í fi kọ́ńgò kan lé sí i. Ẹ gbé agbada kejì kaná, gàrí yóò pọ̀, títí yóò fi di pé ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ni kò lè bá wọn mu mọ́. Ibi tí ó falẹ̀ jù ni ó ń pàṣẹ fún gbogbo iṣẹ́. Ohun tí Frederick Frost Blackman ará Cambridge kọ nípa ewé ní ọdún 1905 kò ju èyí lọ. Ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, omi, ooru: èyí tí ó bá kùnà jù nínú wọn ní àkókò kan ni ìyókù ń dúró dè.

Ní kùtùkùtù, ìmọ́lẹ̀ ni kò tó. Bí oòrùn ti ń gòkè ni iṣẹ́ ewé ń yá sí i, títí yóò fi dé ibì kan tí ewé kò lè gba ìmọ́lẹ̀ mọ́, tí agbada fi kún. Irúgbìn kọ̀ọ̀kan ní ibi tí tirẹ̀ mọ. Kòkó, tí ó jẹ́ igi abẹ́ igbó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kì í gbà tó ìdajì ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan kí ewé rẹ̀ tó yó. Ẹ wá ronú sí àwọn bàbá wa tí wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín ọ̀dọ́ kòkó kí ó lè ṣíji bò ó. Wọn kò ka Blackman. Ẹ ronú sí iṣu náà, tí a ń ri igi tì kí ìtàkùn rẹ̀ lè gùn ún. Iṣu tí a kò fi igi tì, ewé rẹ̀ yóò di lé ara wọn lórí ilẹ̀, ti òkè ní ìmọ́lẹ̀ ju èyí tí ó lè lò lọ, ti ìsàlẹ̀ wà nínú òkùnkùn, ebi sì ń pa á. Igi tí àgbẹ̀ rì yẹn ń pín ìmọ́lẹ̀ ní ọgbọọgba. Ó máa ń bí mi nínú bí a bá ní àgbẹ̀ kan ń ṣe é nítorí pé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti tó, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ni ó sábà máa ń kùnà. Nínú ìpín 10,000 afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká, díẹ̀ ni tirẹ̀ fi lé ní 4. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Họ́láńdì tí ń gbin tòmátò sínú ilé onígíláàsì a máa rà á, wọn a máa tú u sínú ilé náà, tòmátò wọn a sì máa pọ̀ sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní ọdún 1958 ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń pọ̀ sí i lójú sánmà, nítorí epo àti èédú tí a ń jó. Mo ti gbọ́ tí ẹnìkan ń fi èyí yọ̀, pé èéfín ọkọ̀ yóò wá sọ ọkà wa di púpọ̀. Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ni ẹni náà ń rà nígbà tí agbada fẹ́ ẹ́ jó bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ kan náà tí ń bọ́ ewé ni ó ń mú ayé gbóná, tí ó sì ń da ìgbà òjò rú. Bí omi kò bá sí, kí ni ewé fẹ́ fi afẹ́fẹ́ ṣe?

Ọ̀rọ̀ omi yìí ní ọgbọ́n nínú. Ojú ihò kan náà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni omi ń gbà jáde kúrò lára ewé. Bí ọ̀sán bá pọ́n, tí ilẹ̀ sì gbẹ, ewé kò ní ọ̀nà méjì: ó ti ilẹ̀kùn. Omi kò jáde mọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà dúró. Ẹ wo oko gbágùúdá ní àsìkò ọyẹ́, ní agogo kan ọ̀sán. Ewé rẹ̀ a sọ orí kodò, kí oòrùn má ba à nà án tààrà, ilẹ̀kùn rẹ̀ a sì tì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò tún ṣí i, nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀. Nípa báyìí ni gbágùúdá ń gbà la ẹ̀ẹ̀rùn já, àmọ́ kì í tóbi nígbà náà.

Ooru ní tirẹ̀ ń mú iṣẹ́ yá dé ìwọ̀n kan, lẹ́yìn náà ó ń bà á jẹ́. Òṣìṣẹ́ kan wà nínú ewé tí wọ́n ń pè ní rubisco, òun ni ó ń di afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mú. Ọ̀lẹ ni. Ẹyọ mẹ́ta sí mẹ́wàá péré ni ó ń mú ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn wà nínú ara ohun alààyè tí wọ́n ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àléébù rẹ̀ kejì sì burú ju ìyẹn lọ: nígbà mìíràn a máa ṣìnà mú ọ́síjìn dípò kábọ́ọ̀nù, ewé a sì ná agbára lórí àtúnṣe. Bí ooru bá ti ń pọ̀ ni àṣìmú yìí ń pọ̀. Àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké ti rí ọgbọ́n ta sí i. Wọn a kọ́kọ́ kó afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jọ, wọn a sì fún un pọ̀ mọ́ rubisco nínú yàrá kan ní inú lọ́hùn-ún, kí ó má ba à rí ọ́síjìn mú. Ìdí nìyẹn tí àgbàdo fi máa ń ga lóṣù méjì nínú oòrùn tí ń mú ẹ̀wà rọ. Iṣu, ẹ̀gẹ́, ìrẹsì àti ẹ̀wà kò ní ọgbọ́n yìí. Àwọn onímọ̀ kan ń wá ọ̀nà láti fi kọ́ ìrẹsì lónìí, iṣẹ́ náà kò sì tíì parí.

Nígbà tí mo lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, mo bá odidi kíláàsì níbi tí wọ́n ti ń ka ìtumọ̀ photosynthesis lórin ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan kò bọ́. Nígbà tí ó kàn mí láti wọlé kọ́ wọn ní Yorùbá, mo bi wọ́n léèrè níbo ni ara iṣu ti ń wá. Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ilẹ̀ ni!" Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ìbéèrè tèmi àti orin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán jọ kan ara wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ya ọ̀dẹ̀; púpọ̀ nínú wọn ni ó ti bá òbí wọn ri igi iṣu. A fún wọn ní orúkọ, a kò fún wọn ní ohun tí ń jẹ́ orúkọ.

Wọ́n ti dán èyí wò rí nílẹ̀ yìí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n gba olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn ọmọ náà pẹ̀lú àwọn tí a yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin, àwọn ọmọ Yorùbá ni wọ́n ṣe dáadáa jù, títí kan ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Bí ẹnìkan bá wí fún mi pé a kò tíì tẹ ìwé tó, pé àwọn olùkọ́ tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí kò pọ̀, mo gbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé ni kí a tẹ̀, olùkọ́ ni kí a kọ́. Ẹni tí agbada rẹ̀ kò tó, kì í da ẹ̀gẹ́ nù.

Ìdánwò WAEC yóò ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì burú. Ọmọ tí ó bá ti mọ ibi tí omi ń gbà wọlé àti ibi tí ọ́síjìn ń gbà jáde, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá tí ó kù kò lè gba ọ̀sẹ̀ kan mọ́ ọn lọ́wọ́.

Púpọ̀ nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni yóò lọ kọ́ni lọ́dún tí ń bọ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní ibi tí a bá ti ń sin ilẹ̀ bàbá wa. Ẹ jẹ́ kí ẹni kọ̀ọ̀kan fi bébà dúdú bo ìdajì ewé kan lórí igi fún ọjọ́ méjì. Kí ó já a ní ìrọ̀lẹ́, kí ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, kí ó wá rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì tí a gbé ìgò rẹ̀ sínú omi gbígbóná tí a ti sọ̀ kúrò lórí iná, nítorí sípíríìtì kì í bá iná ṣeré. Aró ewé yóò ṣí kúrò, ewé náà yóò funfun. Kí ó fi omi ṣàn án, kí ó kán ayodíìnì sí i. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà yóò dúdú bí aró, nítorí sítáàṣì wà níbẹ̀. Ibi tí bébà bò kò ní í dúdú. Kí ó tó dárúkọ ohunkóhun, kí ó gbé ewé náà yí kíláàsì ká, kí ó sì bi àwọn ọmọ náà léèrè, ní Yorùbá, pé kí ni ojú wọn rí.